Ihò Tí Kò Tíì Lu: Bí A Ṣe Ń Wọn Ewu Àkokoro Lẹ́nu Aláìsàn

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ìlera, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mọ ìdí tí dókítà eyín fi ń béèrè ohun tó jọ pé kò kan eyín rárá, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ibi tí a ti máa bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà sílé. Láyé àtijọ́, àwọn òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà a máa gbé aṣọ lọ sí ìlú jíjìnnà, wọn a tà á láwìn, wọn a sì padà lọ gba owó wọn tó bá yá. Kí òṣómàáló tó tú ìdì aṣọ fún oníbàárà, ó ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé ó san gbèsè èṣí? Iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Báwo ni kòkó rẹ̀ ṣe rí lọ́dún yìí? Ta ló lè ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀? Kò sí èyí tó tó fi ṣẹ̀rí nìkan nínú ìbéèrè wọ̀nyí, ṣùgbọ́n tó bá pa wọ́n pọ̀, á mọ ẹni tó lè tà fún kó sì sùn dáadáa, ẹni tó yẹ kó máa yà wò lóòrèkóòrè, àti ẹni tó léwu. Ohun tó ń ṣe yẹn là ń pè ní wíwọn ewu: ó ń fi ohun tó rí lónìí wo ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ lọ́la. Ṣé a jọ wà níbẹ̀? Ẹ mú un dání, torí òun la máa gbé wọ inú ẹnu.

Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rí dókítà eyín àfi tí àkokoro bá ti gba oorun lójú ẹni. Tó bá ti di bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ mọ́: kí wọ́n dí eyín tó lu náà, tàbí kí wọ́n yọ ọ́. Ihò tó ti lu ni gbogbo wa ń wò. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin máa bi ara yín yàtọ̀ sí ìyẹn. Nínú àwọn aláìsàn tó jókòó síta ní òwúrọ̀ yìí, ẹnu ta ni eyín tuntun máa lu láàárín ọdún kan sí méjì tó ń bọ̀? Kí ló máa fà á? Kí la lè ṣe kó má lu? Tí ẹ bá rí i pé ìbéèrè mẹ́ta nìyẹn, kì í ṣe ẹyọ kan, ẹ ti ń bá mi bọ̀.

Irú èrò yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà ọmọdé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, èyí tó jẹ́ ẹ̀ka ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí. Ní ìlú kékeré Ìmẹ̀sí-Ilé, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì máa ń wọn àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lóòrèkóòrè, wọ́n á fi àmì ìwọ̀n náà sórí káàdì, ìyá ọmọ á sì mú káàdì náà lọ sílé. Kì í ṣe bí ọmọ ṣe rí lọ́jọ́ yẹn nìkan ni káàdì náà ń sọ. Ibi tí ìlà rẹ̀ dorí kọ ló ṣe pàtàkì jù. Ọmọ tí ara rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá lójú, àmọ́ tí ìlà rẹ̀ ti dúró sójú kan fún oṣù méjì mẹ́ta, òun ni kí wọ́n tètè mójú tó kí ebi tàbí àìsàn tó dá a dùbúlẹ̀. Káàdì yẹn rin ìrìn àjò dé orílẹ̀-èdè púpọ̀, orí mi sì máa ń wú tí mo bá rántí pé ìlú kékeré wa ni ó ti gbéra. Ẹnu ni àwa fẹ́ wò báyìí, ṣùgbọ́n ojú kan náà la fi ń wò ó. Ṣé ẹ rí okùn tó so méjèèjì pọ̀?

Ó dáa. Kí a tó lè mọ ẹni tí eyín rẹ̀ máa lu, ó yẹ ká mọ bí eyín ṣe ń lu. Àwọn àgbà máa ń sọ pé kòkòrò ló ń jẹ eyín. Ẹ má rẹ́rìn-ín wọn. Kòkòrò wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ìdin tí àwọn kan máa ń sọ pé àwọn fi oògùn lé jáde. Kòkòrò àìfojúrí ni, ó kéré débi pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lè wà lórí orí abẹ́rẹ́. Ọ̀kan tó lórúkọ jù nínú wọn ni Streptococcus mutans, tí J. Kilian Clarke kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní 1924. Wọ́n ń gbé inú èérí tó máa ń lẹ̀ mọ́ eyín, pàápàá létí èrìgì àti nínú kòtò orí eyín ẹ̀yìn tí a fi ń lọ oúnjẹ. Wọn kì í jẹ eyín rárá. Ṣúgà ni wọ́n ń jẹ, tí wọ́n bá sì jẹ ẹ́ tán, omi kíkan tí à ń pè ní ásíìdì ni wọ́n ń tú jáde. Ásíìdì yìí ló ń yọ́ kalisíọ́mù àti fọ́síféètì, ìyẹn àwọn èròjà tó mú kí eyín le. Nítorí náà, kòkòrò nìkan kò tó, ṣúgà nìkan kò tó, eyín sì ní láti wà níbẹ̀ fún wọn. Nǹkan mẹ́ta nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i ká tó fi ẹ̀kẹrin kún un.

Ẹ̀kẹrin ni àkókò, òun ló sì máa ń rú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú jù. Àwọn onímọ̀ ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó; wọ́n ń pè é ní pH. Omi lásán wà ní 7. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni nǹkan ṣe ń kan sí i. Nígbà tí a kò jẹ nǹkan kan, inú ẹnu kì í jìnnà sí 7. Ní àwọn ọdún 1940, Robert Stephan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé tí ṣúgà bá kan èérí eyín, nọ́ńbà yìí máa ń já lulẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì tó nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kó tó gòkè padà síbi tó wà. Tó bá ti wà nísàlẹ̀ nǹkan bí 5.5, eyín ń yọ́. Tó bá padà sókè, itọ́ á tún máa dá àwọn èròjà tó sọnù padà sínú eyín díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé wa ni eyín fi ń pàdánù tó sì ń rí gbà padà. Ìgbà tí àdánù bá ju ìgbàpadà lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù ni ihò ń lu. Ṣé ẹ rí i pé ihò kì í ṣe ọ̀rọ̀ òru ọjọ́ kan?

Mo mọ ìbéèrè tó wà lẹ́nu yín: ṣé ẹni tó da ṣúgà ṣíbí mẹ́fà sínú gààrì kan ṣoṣo kò burú ju ẹni tó lá ṣíbí kan lẹ́ẹ̀mẹfà? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Onígààrì fi ẹnu rẹ̀ sínú ásíìdì lẹ́ẹ̀kan, bóyá fún wákàtí kan, itọ́ sì rí àyè ṣiṣẹ́ ní gbogbo wákàtí tó kù. Ẹnìkejì fi í síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà. Ẹni tó gbé ìgò mínírà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà rẹ̀, tó ń mu ún díẹ̀díẹ̀ láti aago mẹ́wàá títí di ìrọ̀lẹ́, kò jẹ́ kí itọ́ sinmi rárá. Iye ṣúgà ní tirẹ̀, èmi kò sọ pé kò ṣe nǹkan, àmọ́ iye ìgbà ló kọ́kọ́ yẹ kẹ́ ẹ béèrè. A ní ẹ̀rí tó lágbára lórí èyí láti Vipeholm ní ilẹ̀ Sweden, níbi tí wọ́n ti ṣèwádìí láti 1945 títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Súwíìtì tó ń lẹ̀ mọ́ eyín, tí wọ́n fún àwọn èèyàn jẹ láàárín oúnjẹ sí oúnjẹ, ló ba eyín jẹ́ jù. Àwọn aláìsàn tí ọpọlọ wọn kò pé, tí wọn kò lè sọ pé àwọn kọ̀, ni wọ́n fi ṣe ìwádìí náà. Ìwà tí kò tọ́ ni, ó sì yẹ ká máa sọ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá ń lo ìmọ̀ tó ti ibẹ̀ wá. Tí ìyàtọ̀ láàárín iye ṣúgà àti iye ìgbà bá ti yé yín, ohun tó le jù nínú ẹ̀kọ́ yìí ti kọjá.

Wàyí o, aláìsàn ti jókòó. Kí lẹ máa kọ́kọ́ wò? Ẹ rántí ìbéèrè àkọ́kọ́ òṣómàáló: ṣé ó san gbèsè èṣí? Ẹlẹ́rìí tó lágbára jù nínú wíwọn ewu àkokoro ni ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lẹ́nu náà rí. Eyín mélòó ló ti lu? Mélòó ni wọ́n ti dí, mélòó ni wọ́n yọ nítorí àkokoro? Ó ti pẹ́ tó? Ẹni tí eyín rẹ̀ lu láàárín ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí ìgbé ayé rẹ̀ kò sì tíì yí padà, òmíràn ṣì ń bọ̀. Ẹ ṣọ́ra o: dídí ihò kò dín ewu kù. A ti dí ẹnu ihò, ṣùgbọ́n kòkòrò, ṣúgà àti àkókò ṣì wà bí wọ́n ṣe wà. Lẹ́yìn náà, ẹ nu eyín kó gbẹ, ẹ wá tan iná sí i dáadáa. Ẹ wá àmì funfun tí kò dán, pàápàá létí èrìgì. Ibẹ̀ ni eyín ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù, àmọ́ tí kò tíì lu. Ó sì ṣeé dá dúró, nígbà mìíràn ó ṣeé dá padà. Ọmọ tó ní irú àmì bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí ìlà káàdì rẹ̀ kò lọ sókè mọ́. Ṣé ó ti hàn sí yín ìdí tí a fi ń nu eyín kí a tó wò ó?

Oúnjẹ ló kàn, ọ̀nà tí ẹ bá sì gbà béèrè ló máa sọ bóyá ẹ máa rí òótọ́. Tí ẹ bá bi ìyá àgbà ní Òṣogbo pé “Mà, ṣé ẹ máa ń jẹ ṣúgà?”, á ní rárá, òótọ́ ló sì sọ lójú ara rẹ̀, torí ṣúgà onígun mẹ́rin inú páálí ló wá sí i lọ́kàn. Ẹ kúkú sọ pé: “Mà, láti ìgbà tẹ́ ẹ ti jí lánàá, kí lẹ fi kan ẹnu?” Kẹ́ ẹ wá jókòó tì wọ́n, kẹ́ ẹ gbọ́. Ògì àárọ̀ tí wọ́n fi ṣúgà sí, tíì tí wọ́n gbé sí àrọ́wọ́tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, míńtì tí wọ́n ń lá nínú mọ́tò láti Òṣogbo dé Iléṣà, bisikíìtì tí wọ́n bá ọmọ-ọmọ jẹ. Ẹ má bẹ̀rù iyán o! Iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí ará Ìjẹ̀ṣà jẹ tán ní ọ̀sán, tó fi omi ṣan ẹnu, kò jọ súwíìtì tó há sáàárín eyín. Tí aláìsàn bá jẹ́ ọmọdé, ẹ béèrè ohun tó wà nínú ìgò rẹ̀ lóru, ẹ sì béèrè oògùn olómi dídùn tó ń lò fún ìgbà pípẹ́. Ìyá rẹ̀ kò ka oògùn mọ́ ṣúgà, kòkòrò ẹnu kà á. Kí la wá ń kà nínú gbogbo èyí? Iye ìgbà, bó ṣe ń lẹ̀ tó, àti bóyá alẹ́ ni. Mẹ́ta péré, ẹ kà wọ́n lórí ìka.

Kí ló dé tí mo fi alẹ́ kún un? Nítorí itọ́ ni. Tí a bá sùn, itọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ dúró, kò sì sí ẹni tó máa fọ ásíìdì kúrò. Itọ́ ni ẹ̀ṣọ́ tí Ọlọ́run fi sẹ́nu wa, ẹni tí itọ́ rẹ̀ bá sì kéré, ewu rẹ̀ ti ga kó tó jẹ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ oògùn ló ń gbẹ itọ́: àwọn kan lára oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, oògùn ara yíyún. Bákan náà ni iná ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n bá tàn sí ọrùn tàbí orí. Ọ̀nà ìdánwò kan rọrùn: ẹ fún aláìsàn ní nǹkan tí kò ládùn láti máa jẹ lẹ́nu fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó máa tu gbogbo itọ́ rẹ̀ sínú ife tó ní àmì ìwọ̀n, kẹ́ ẹ wá pín in sí márùn-ún. Tí kò bá tó 0.7 mílílítà ní ìṣẹ́jú kan, itọ́ náà ti kéré jù. Ẹ má sọ fún aláìsàn pé kó dá oògùn rẹ̀ dúró láéláé. Dókítà tó kọ ọ́ ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀. Ṣé ibi tí a dé yìí ṣì mọ́lẹ̀?

Ó kù kí a wo onígbọ̀wọ́, ìyẹn ohun tó ń dáàbò bo eyín. Èyí tó lágbára jù ni fúlóráìdì tó wà nínú ọṣẹ ìfọyín. Ó ń ran èròjà lọ́wọ́ láti padà sínú eyín, ó sì ń jẹ́ kí eyín túbọ̀ lè kojú ásíìdì. Ẹ yí páálí ọṣẹ náà padà, ẹ wo bóyá ó kéré tán 1000 ppm ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ìwọ̀n hóró ìrẹsì tó o. Láti ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kékeré. Lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ni, ti alẹ́ sì ni kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Kí wọ́n tu ìfófòó dànù, kí wọ́n má fi omi púpọ̀ ṣan án lọ. Pákò ńkọ́? Mo bọ̀wọ̀ fún orin àtà àti pákò Ìjẹ̀bú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n rin dáadáa ń pa èérí rẹ́, èérí sì ni ilé kòkòrò. Ṣùgbọ́n a kò lè fi í rọ́pò fúlóráìdì. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ lè rin pákò láàárọ̀, kó fi ọṣẹ onífúlóráìdì fọ ẹnu lálẹ́, tàbí kó tilẹ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Kò sí ìjà láàárín méjèèjì. Ṣé èyí ń bá ohun tẹ́ ẹ ń ṣe nílé mu?

Báyìí, iṣẹ́ àgbà dé: bí a ṣe ń pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Douglas Bratthall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Malmö, ní Sweden, ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan ní àwọn ọdún 1990 tó ń jẹ́ Cariogram. Ohun mẹ́wàá ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀, ó sì ń ya òbìrìkìtì aláwọ̀ márùn-ún: pupa fún kòkòrò, búlúù dúdú fún oúnjẹ, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ fún itọ́ àti fúlóráìdì, yẹ́lò fún ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí àti àìsàn ara, àwọ̀ ewé fún àǹfààní pé eyín tuntun kò ní lu. Bí àwọ̀ ewé bá ṣe fẹ̀ tó ni ọkàn ṣe balẹ̀ tó. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé ìkẹwàá nínú àwọn ohun náà ni èrò oníṣègùn fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ náà gbà pé ojú tó rí aláìsàn mọ ohun tí nọ́ńbà kò mọ̀. Tí kò bá sí kọ̀ǹpútà, bébà àti kálàmù tó. Ẹ pín ewu sí kékeré, àárín àti ńlá, àmọ́ ẹ má kàn máa ka iye ohun burúkú bí ẹní ka obì. Ẹ wo ọmọdékùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan ní Iléṣà, tí eyín rẹ̀ dọ̀tí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rí i, tó sì jẹ súwíìtì ní ọjọ́ Àìkú. Kò sí eyín tó lu rí, kò sí àmì funfun, ọṣẹ tó dáa ló ń lò lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ewu rẹ̀ kéré. Ẹ wá wo ìyá aláàdìrẹ kan ní Òṣogbo, eyín rẹ̀ funfun báláú. Méjì ti lu láàárín ọdún mẹ́ta, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń gbẹ ẹnu rẹ̀, míńtì ló sì fi ń tu ẹnu náà nínú ní gbogbo ọjọ́. Ẹ rí i bí ọ̀kan ṣe ń ti èkejì: ẹnu gbẹ, ó wá míńtì, míńtì bá ẹnu tí kò ní ẹ̀ṣọ́. Ewu ńlá ni. Ṣé ẹ lè ṣàlàyé fún ẹnìkejì yín ìdí tí ẹnu tó mọ́ fi léwu ju ẹnu tó dọ̀tí lọ?

Ìkìlọ̀ kan wà fún àwa tí a wà nílẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń wọn ewu, Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ni wọ́n ti ṣe é, níbi tó jẹ́ pé ọmọ tálákà ni eyín rẹ̀ sábà máa ń lu jù. Nígbà tí Cyril Enwonwu kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1974, ohun tó rí ní Nàìjíríà yàtọ̀: àwọn ọmọ ìdílé tó rí jájẹ nílùú ńlá, tí owó ṣúgà kò wọ́n fún, ni àkokoro pọ̀ sí lọ́dọ̀ wọn. Láti ìgbà náà, súwíìtì àti mínírà ti dé gbogbo ìsọ̀. Nílé-Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Morẹ́nikẹ́ Fọláyan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí eyín àwọn ọmọdé agbègbè wa, ohun tí wọ́n sì rí ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ náà kò ní eyín tó lu. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún iṣẹ́ wa: àwọn díẹ̀ ló ń ru ẹrù yìí, tí a kò bá wá wọn rí, a ó máa ná ìwọ̀nba owó àti àkókò tí a ní sórí ẹni tí kò nílò rẹ̀. Nítorí náà, tí fọ́ọ̀mù bá béèrè bóyá ìdílé tálákà ni, ẹ má ṣe fi ìdáhùn kan náà fún gbogbo ìlú. Ohun tó ń wọ ẹnu ọmọ ni kẹ́ ẹ wá lọ. Ṣé ẹ gbà pẹ̀lú mi?

Tí ẹ bá ti wọn ewu tán tí ohunkóhun kò yí padà nínú ìtọ́jú, inú ìwé lásán lẹ wọ̀n ọ́n sí. Ewu kékeré: ẹ yìn ín, kó padà wá lẹ́yìn ọdún kan. Ewu ńlá: oṣù mẹ́ta ni, kẹ́ ẹ máa kun fúlóráìdì sí eyín rẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú ohun kan ṣoṣo nínú oúnjẹ rẹ̀ tó lè yí padà, kì í ṣe mẹ́wàá. Fún ìyá aláàdìrẹ, ike omi tútù dípò míńtì, ó tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá padà wá, ẹ tún un wọ̀n, torí ewu kì í dúró sójú kan.

Ó yá, ẹ̀yin ló kàn. Ọmọbìnrin kan tó lé díẹ̀ ní ọdún méjì tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wá láti ọjà Àtàkúmọ̀sà. Kò sí eyín kankan tó lu lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ẹ nu eyín iwájú òkè, ẹ rí ìlà funfun tí kò dán létí èrìgì. Ìgò tíì oníṣúgà ló fi ń sùn. Ìyá rẹ̀ ní wọ́n ti yọ eyín mẹ́ta lẹ́nu òun nítorí àkokoro, òun kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n máa fọ eyín ọmọ kékeré. Ẹ kọ ìwọ̀n ewu rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kọ ẹ̀rí tó gbé yín débẹ̀, láti orí èyí tó wúwo jù, ẹ kọ ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa bẹ ìyá náà pé kó yí padà lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ wá kọ ọjọ́ tí ọmọ náà máa padà wá.